Ẹ̀wà Tí Kò Hù ní Òkè Ìpamọ́

Ọgọ́rùn-ún hóró ẹ̀wà ni Ìbídùnní tẹ́ sórí aṣọ tútù ní ọjọ́ méje sẹ́yìn, ìlà mẹ́wàá, hóró mẹ́wàá-mẹ́wàá. Nígbà tó ṣí aṣọ náà láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ìka tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rọ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n sè sílẹ̀ láti àná. Èèpo òmíràn ti ya, omi pupa ń sun lára rẹ̀. Òmíràn ti hu irun funfun bí ẹ̀yìn ológbò arúgbó. Kò sí ẹyọ kan tó yọ ẹnu. Ó kà wọ́n dé orí ọgọ́rùn-ún, ó tún kà wọ́n padà, bíi pé hóró kan lè ti sá sẹ́yìn èkejì rẹ̀.

Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ike, ó jókòó, ó gbé abọ́ náà lé itan.

Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ jẹ́jẹ́ láti inú ihò ògiri. Inú àpáta Òkè Ìpamọ́ ni wọ́n gbẹ́ Ilé Irúgbìn sí, yàrá mẹ́fà tí ọ̀kan jìn ju èkejì lọ, kí ooru má baà rí wọn. Níwájú Ìbídùnní, ìgò ńláńlá mẹ́rìnlélọ́gọ́rin dúró lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀wà àtètèpọ́n kún wọn dé ọrùn. Dígí àkọsílẹ̀ ń tàn lára ògiri. Ó fọwọ́ kàn án, ohùn tó mọ̀ bí ẹni mọ ohùn ìyá rẹ̀ sì jáde.

“Yàrá kejì. Nínú ọgọ́rùn-ún hóró, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún hù. Èmi Múnírátù Àjọkẹ́ ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, ojú mi ló sì rí i.”

Ó tún fọwọ́ kàn án. Ti èṣín: mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ti ìdunta: márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ń bá a lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan ọdún mọ́kànlá. Ohùn kan náà, ẹ̀rí kan náà, kò sì sí ọdún kan tí ohùn náà gbọ̀n.

Bí kì í bá ṣe ti Bàbá Adéòtí ni, kì bá tí mọ̀.

Àgọ́ Kejìlá ni Bàbá Adéòtí ń gbé, òun àti ìyókù àwọn ará Ìdó-Àgbọn tí ọ̀dá lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Nísinsìnyí ìjọba ní òjò ti tún ń yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa múra àtipadà. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò gba àgbá omi kan, oúnjẹ àádọ́rùn-ún ọjọ́, àti àpò àtètèpọ́n kan láti Òkè Ìpamọ́, nítorí kò sí ẹ̀wà mìíràn tó lè pọ́n láàárín àádọ́ta ọjọ́ lórí òjò mẹ́ta péré. Tó bá di àádọ́rùn-ún ọjọ́, ẹ̀rọ tó ń fò yóò gba orí ilẹ̀ náà kọjá láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀ tí kò bá rí ewé lórí rẹ̀, ó ti kú nìyẹn lójú ìwé, wọ́n á sì fún àwọn agbin-dígí kí wọ́n to dígí síbẹ̀, kí wọ́n fi máa ká oòrùn ṣe iná.

Bàbá náà ti wá sí Òkè Ìpamọ́ lóṣù tó kọjá, ó ní òun kàn fẹ́ fojú rí ẹ̀wà náà ni. Ìbídùnní mú un dé ẹnu ọ̀nà yàrá kejì. Ó wò ó títí, ó wá ní kó fún òun ní hóró mẹ́wàá péré, kí òun lọ rántí bó ṣe ń dìde. Hóró kan kò gbọdọ̀ jáde kí ọjọ́ ìpín tó pé. Ìbídùnní mọ òfin. Ó bu mẹ́wàá sí i lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, bàbá náà padà wá, ó gbé agolo kan dání.

“Ọmọ mi, má bínú sí mi,” ló kọ́kọ́ sọ. “Mo ti ba nǹkan yín jẹ́.”

Ìbídùnní wo inú agolo náà: hóró mẹ́wàá náà ti jẹrà sínú iyẹ̀pẹ̀. “Bóyá omi ló pọ̀ jù, Bàbá.”

“Omi wo ló pọ̀ ní àgọ́?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú. “Kì í ṣe ẹjọ́ omi. Ọwọ́ mi ni. Ọdún méjìlélógún tí mi ò ti fọwọ́ kan ebè, ilẹ̀ ti gbàgbé mi. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn ni kí wọ́n gbìn ín tí a bá délé, kí èmi máa wò wọ́n.” Ó wò ó lójú. “Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ìgò yẹn, wọ́n wà láàyè?”

“Wọ́n wà láàyè, Bàbá.”

Dígí ló sọ bẹ́ẹ̀, dígí ló gbà gbọ́. Ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló tẹ́ ọgọ́rùn-ún hóró sórí aṣọ tútù lẹ́yìn àwọn ìgò, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé.

Òní ló pé ọjọ́ méje, ọ̀la sì ni àwọn ọ́dítọ̀ ìjọba ń bọ̀ láti olú-ìlú.

Gbogbo ìgbà tí irúgbìn bá fẹ́ jáde ni wọ́n máa ń wá, wọ́n á sì gbé Ẹlẹ́rìí dání. Ẹ̀rọ ni, kò ju ọmọ ọlọ lọ, dúdú, iná kékeré kan wà lórí rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: *Kí ni o mọ̀ tí o kò tíì sọ?* Kò lè wo inú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gba ohùn pamọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí òtítọ́ bá jáde lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ gbọ́ ohun tí kálukú sọ. Ẹni tó bá jẹ́rìí èké, wọ́n á pa ohùn rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́, tirẹ̀ náà á kú. Wọn kì í na ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kì í tì í mọ́lé. Ẹ̀rọ omi ni kò ní dá a lóhùn mọ́ tó bá sọ orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ kò ní dúró fún un, ilẹ̀kùn ọsibítù kò ní ṣí. Ìbídùnní ti rí irú wọn rí nísàlẹ̀ òkè: tíṣà àtijọ́ kan tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi láti àárọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá gbé korobá ń bọ̀.

Ó fi aṣọ bo abọ́ ike náà, ó gbé e, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Múnírátù kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, gíga, ẹni tí kì í yára sọ̀rọ̀. Òun ló gba Ìbídùnní síṣẹ́ nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìró hóró tó gbẹ dáadáa tí wọ́n bá mì ín nínú ìkúùkù. Nígbà tí ọkọ Ìbídùnní lọ tí kò padà, òun ló ń pọn ọmọ rẹ̀, Ọmọ́lẹyẹ, káàkiri yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tó ń sọ orúkọ irúgbìn fún un bí ẹni ń ki ìbátan. Àǹtí ni Ìbídùnní ń pè é. Nínú ọkàn rẹ̀, orúkọ tó ju ìyẹn lọ ló ń pè é.

Kò kan ilẹ̀kùn iwájú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé yí sẹ́yìnkùlé, níbi tí kò tíì dé láti bí ọdún mélòó kan nítorí pé Múnírátù ti fi páànù yí i ká, tó ní ewúrẹ́ ń da òun láàmú. Ẹnu páànù náà ṣí sílẹ̀. Múnírátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó ń tu koríko láàárín ebè méjìlá tí ewé tútù bò. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò ti yọ lórí wọn.

Ìbídùnní dúró. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ìpamọ́, inú àwòrán nìkan ló ti rí ewé yẹn. Àtètèpọ́n ni.

“Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí.”

Múnírátù gbójú sókè. Ó wo Ìbídùnní, ó wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì nàró díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ ti ìbàdí. “Ta ló ní kí o yẹ̀ wọ́n wò?”

“Ẹnikẹ́ni kọ́.” Ìbídùnní gbé abọ́ náà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó ká aṣọ kúrò. “Ìgò mélòó ló rí báyìí?”

Múnírátù lọ bu omi nínú garawa, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú sùúrù, ó nù ún mọ́ ìró. Ó jókòó sórí òkúta. “Gbogbo wọn.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ìbídùn, má bi mí léyìí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Láti ìgbà wo?”

Obìnrin náà ń wo ebè. “Láti ọ̀sẹ̀ tí Ọmọ́lẹyẹ kú.”

Ìbídùnní jókòó sórí ilẹ̀ tútù.

Àwọn méjèèjì nìkan ló ń ṣọ́ Ilé Irúgbìn nígbà náà. Ooru ọdún yẹn ti pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ọmọ́lẹyẹ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ọsibítù, ọjọ́ mẹ́sàn-án náà sì ni Múnírátù fi wà níbẹ̀, tó ń fi aṣọ tútù nu ara ọmọ, tó ń bu oúnjẹ sẹ́nu ìyá. Ẹ̀rọ òtútù yàrá kejì sì ní ìwà tirẹ̀: láràárọ̀ ló máa ń pe olùṣọ́, tí kò bá gbọ́ ohùn olùṣọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, á gbà pé ibẹ̀ ti tú, á sì sùn kó má baà fi iná ṣòfò. Àwọn yàrá yòókù tó ní irúgbìn nínú jìn sínú àpáta, òkúta dá òtútù wọn dúró. Yàrá kejì nìkan nínú wọn ló súnmọ́ ìta, torí ọ́fíìsì ni yàrá àkọ́kọ́.

“Nígbà tí mo padà, mo ṣílẹ̀kùn, ooru gbá mi lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ààrò búrẹ́dì,” Múnírátù sọ. “Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ́ ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún kú. Mo jí ẹ̀rọ, mo sì sọ pé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún hù.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ ọ́ báwo? Orí ẹní ni o wà, o kì í jẹ, o kì í mu. Ṣé kí n wá jókòó tì ọ́, kí n ní oúnjẹ gbogbo ilẹ̀ yìí kú nígbà tí mo gbé orí rẹ lé itan?” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Mo ní kí ara rẹ kọ́kọ́ yá. Nígbà tó máa yá, irọ́ náà ti pé ọdún kan. Irọ́ ọlọ́dún kan ti ń rìn, Ìbídùn. Kò ṣeé dá padà sínú ikùn.”

Ìbídùnní ń wo òdòdó àlùkò. “Èyí ńkọ́?”

“Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wá inú ìgò, ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́. Mẹ́tàdínlógún ló hù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ni mò ń gbìn, tí mò ń ká, tí mò ń tún gbìn. Kòkòrò jẹ ti ọdún kan, díẹ̀ ló kù kó jẹ ẹ́ tán. Garawa méjì ló wà nínú ilé báyìí. Fún mi ní ọdún méjì sí i, màá kún ìgò mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó kú rí.”

“Ọjọ́ mẹ́fà òní ni àwọn ará Ìdó-Àgbọn ń lọ.”

“Mo mọ̀.”

“Wọ́n á gbin òkú, Àǹtí. Ní àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n á gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn.”

“Òjò ni wọ́n máa dá lẹ́bi,” Múnírátù sọ. Ó jọ pé ó ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ tipẹ́. “Gbogbo èèyàn ló ń dá òjò lẹ́bi, òjò kì í sì wá sílé ẹjọ́.”

“Bàbá kan nínú wọn ti dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ní ilẹ̀ ti kọ òun.”

Múnírátù dijú. Nígbà tó là á, ó ní, “Ṣé o ti jẹun?” Ó wọlé, ó gbé ẹ̀kọ méjì àti ọbẹ̀ jáde, ó tú ewé ẹ̀kọ náà fún un bó ti máa ń ṣe ní àkókò ọ̀fọ̀. Ìbídùnní fi sẹ́nu. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí ebè, Múnírátù kò sì bẹ̀ ẹ́. Ì bá sàn kó bẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ni Ìbídùnní gbà nínú ọkàn kó tó délé. Tó bá dákẹ́, Múnírátù yóò rí ọdún méjì rẹ̀, bóyá ẹ̀wà náà yóò sì padà sáyé lóòótọ́. Ta ló mọ̀, àwọn ará Ìdó-Àgbọn lè rí nǹkan mìíràn gbìn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò sí nǹkan mìíràn. Ó ronú pé kóun ní òun lòun ba ẹ̀rọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn Múnírátù ló wà nínú ẹ̀rí ọdún mọ́kànlá náà, kì í ṣe tirẹ̀. Ó ronú nípa ohùn tirẹ̀ tí wọ́n lè pa, ó sì yà á lẹ́nu pé ìyẹn ló kéré jù nínú ohun tó ń dùn ún. Èyí tó ń gún un ni pé ọmọ rẹ̀ kú, ẹ̀wà kú, ó sì dà bíi pé ibi ikú kan náà làwọn méjèèjì wà láti ọjọ́ náà, tí obìnrin kan ṣoṣo ń dá ṣọ́ ọ, tí kò jẹ́ kóun mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó gun òkè lọ.

Àwọn ọ́dítọ̀ mẹ́ta ti dé. Yàrá àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé Ẹlẹ́rìí sí. Múnírátù ni wọ́n kọ́kọ́ pè, torí òun ni àgbà. Kò pẹ́ tó fi jáde. Ó tún gèlè rẹ̀ wé lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fọwọ́ tọ́ kọ́là aṣọ Ìbídùnní tó ká sínú.

“Mo ti parí tèmi,” ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Wọlé. Ẹ̀rọ náà kò mọ inú ẹnikẹ́ni.”

Ọ̀gá àwọn ọ́dítọ̀ jẹ́ obìnrin tí kò dàgbà ju Ìbídùnní lọ, ojú rẹ̀ rẹ̀ bí ojú ẹni tó ti rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó fi àga hàn án, ó bu omi fún un. Iná kékeré orí Ẹlẹ́rìí tàn.

“Kí ni o mọ̀ tí o kò tíì sọ?”

Ìbídùnní gbé omi mu. Ó sọ ife kalẹ̀. Ó rántí ọwọ́ Múnírátù tó ń nu iwájú orí Ọmọ́lẹyẹ, ó rántí agolo ọwọ́ Bàbá Adéòtí, kò sì sí èyí tó lè gbé kúrò nílẹ̀ kó lè rí ọ̀nà kọjá.

“Ẹ̀wà yàrá kejì ti kú,” ó sọ. “Gbogbo ìgò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo yẹ ọgọ́rùn-ún wò, kò sí ọ̀kan tó hù. Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Àǹtí... Ìyáàfin Múnírátù Àjọkẹ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún mi lánàá.”

Obìnrin náà béèrè pé, “Ṣé ó ku èyí tó wà láàyè?”

“Ó kù. Wọ́n ti jí mẹ́tàdínlógún dìde nínú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n gbìn ín sí, garawa méjì sì wà nílé. Ìyẹn nìkan ló wà láàyè láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o fún àwọn ará Ìdó-Àgbọn.” Ó mí. “Mo sì fẹ́ sọ ìdí tí ẹ̀wà náà fi kú. Ọmọ mi ló ń ṣàìsàn. Wọ́n wá jókòó tì mí. Tí kì í bá ṣe...”

Ó rí i pé iná orí ẹ̀rọ ti kú.

“Máa sọ ọ́ tó o bá fẹ́,” obìnrin náà sọ jẹ́jẹ́, “màá gbọ́. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìí kì í gba ìdí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló ń gbà.”

Ìbídùnní sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà àti fún òkúta dúdú tí kò gbọ́, láti ọjọ́ kìíní ọsibítù dé ọjọ́ kẹsàn-án. Nígbà tó parí, obìnrin náà nu ojú ara rẹ̀, ó sì pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti dé ẹ̀yìnkùlé Múnírátù. Ìbídùnní sáré tẹ̀lé wọn, ó rò pé wọ́n á gbé garawa méjèèjì lọ sí àgọ́. Wọ́n fi òǹtẹ̀ sé garawa náà: ẹ̀rí ni, olú-ìlú ló ń lọ, ó lè tó ọdún méjì kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ inú ebè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu, ewé, òdòdó, gbòǹgbò, wọ́n ń kì í sínú àpò ọ̀rá. Òfin ni pé irúgbìn tí kò ní àkọsílẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ilẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó so ná,” Ìbídùnní ń sọ. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kó so.”

Ọkùnrin tó ń fà á tu náà ní, “Ẹ má bínú, ìyá,” kò sì dáwọ́ dúró.

Múnírátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Nígbà tí ebè kejìlá ṣófo, ó yíjú sí Ìbídùnní.

“Ti yàrá kejì, mo ti mọ̀ pé o lè sọ ọ́,” ó ní. “Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n o sọ tibí náà.”

“Mo rò pé wọ́n á...”

“O rò ó.” Ó wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, kí ìkéde ìjọba tó jáde, Ìbídùnní wọ ọkọ̀ lọ sí Àgọ́ Kejìlá. Kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ó bá Bàbá Adéòtí níwájú àgọ́ rẹ̀, ó ń di ẹrù. Ó ti so àwọn ìkòkò pọ̀, ó ti fi aṣọ wé ọkọ́ méjì tuntun. Ìbídùnní kúnlẹ̀. Ó sọ pé ẹ̀wà náà ti kú tipẹ́, pé wọn kò ní lè lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, pé kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ mìíràn.

Ẹnì kan bú sẹ́kún lẹ́yìn aṣọ àgọ́. Bàbá náà jókòó sórí ẹrù tó dì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ṣí i, ó pa á dé.

“Hóró mẹ́wàá tí o fún mi yẹn,” ó béèrè, “wọ́n ti kú kí n tó gbà wọ́n?”

“Wọ́n ti kú, Bàbá.”

“Kì í ṣe ọwọ́ mi?”

“Kì í ṣe ọwọ́ yín rárá.”

Ó mi orí lọ, ó mi orí bọ̀. “Ó dáa,” ó sọ. “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ara ẹrù náà, díẹ̀díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ nílò ìkòkò tí wọ́n máa fi se oúnjẹ ọ̀sán.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ìbídùnní padà dé láti àgọ́. Kò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yà sí ọ̀nà ilé Múnírátù. Ó bá a lórí pèpéle, ó jókòó ti ilẹ̀kùn, korobá òfìfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ. Wọ́n ti pa ohùn rẹ̀ láti ọ̀sán. Ó ti jáde lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ kò dá a lóhùn. Ó padà wálé, ilé rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Múnírátù kò bímọ, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ohùn méjì péré ni ilẹ̀kùn yẹn mọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin Ọmọ́lẹyẹ, oṣù méje ni Ìbídùnní fi gbé inú ilé náà, Múnírátù sì ti dì í mú dúró síwájú ilẹ̀kùn nígbà náà, ó ní kó sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ilé lè mọ̀ ọ́n.

“Ìbídùnní ni,” ó sọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Múnírátù kò dìde. Ó ń wo ojú ọ̀nà bíi pé ẹnì kankan kò dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ilẹ̀kùn padé fúnra rẹ̀.

Ìbídùnní gbé korobá, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó pọn ọ́n kún, ó gbé e padà wá. Ó tún sọ orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn tún ṣí, ó tún padé. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde, ó sì bẹ̀rù pé ilẹ̀kùn kò ní dá a mọ̀ nínú ẹkún. Ilẹ̀kùn ṣí.

Múnírátù fọwọ́ ti ògiri, ó dìde. Ó gbé korobá omi náà fúnra rẹ̀, ó wọlé, kò wẹ̀yìn, kò kí i. Ilẹ̀kùn padé láàárín wọn.

Láti inú, kò ní ṣeé ṣe fún Múnírátù láti ṣí i. Ilẹ̀kùn ayé ìsinsìnyí, àtiwọlé àtijáde, ohùn ló ń gbọ́. Ìbídùnní sì mọ̀ pé obìnrin náà kò ní pe òun, ì báà jẹ́ pé ebi ń pa á, ì báà jẹ́ pé omi tán. Ó lè kàn fọwọ́ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ṣèèṣì.

Ìbídùnní bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí pèpéle, ó gbé etí ti pákó ilẹ̀kùn.